Oníbodè Inú Rédíò: Ìdí Tí Míkísà Fi Gbọ́dọ̀ Mọ Àdúgbò Rẹ̀

Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò tóbi lójú. Bí a bá tú ẹ̀yìn rédíò kékeré tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, láàárín ọ̀pá dúdú tí wọ́n wé wáyà mọ́ àti kọ́ìlì kékeré tí orí rẹ̀ pupa, tàǹsísítọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ju hóró àgbàdo lọ. Òun ni míkísà. Gbogbo ohùn tí rédíò yóò gbọ́ gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, bí àlejò ṣe ń gba ọ̀dọ̀ oníbodè kọjá láyé àtijọ́ kó tó wọ ìlú. Àròyé mi ni pé ohun tí kò yẹ la fi ń wọn oníbodè yìí. Ẹni tó ń ta rédíò á ní ó ń gbé ibùdó púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á á yí i kiri, á máa ka iye ohùn tó gbọ́. Èmi ń sọ pé ohun tí míkísà kọ̀ láti gbà wọlé ni kí á kọ́kọ́ wò, àti pé kò sí ẹni tó lè mọ ohun tó yẹ kó kọ̀ àfi ẹni tó mọ afẹ́fẹ́ ìlú tí rédíò náà yóò ti ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ti sí míkísà rárá. Nígbà tí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ dé Èkó ní 1935, tó sì dé Ìbàdàn ní 1939, inú wáyà ló gbà dé, kì í ṣe inú afẹ́fẹ́. Àpótí kan ni wọ́n ń gbé sí ilé ẹni tó bá lè san owó oṣooṣù. Wáyà ló so ó mọ́ ilé iṣẹ́ Rediffusion, kò sì sí ju sípíkà àti ohun tí a fi ń mú ohùn lọ sókè wá sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lo máa gbọ́. Bí kò bá wù ọ́, kí o pa á. Àwọn tó sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọjọ́ tí olùgbọ́ bá ní òun fẹ́ fúnra òun yan èyí tó wu òun nínú afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ dé, nítorí gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò tí ìgbì wọn dé ìlú ló jọ ń bọ́ sórí áńtẹ́nà kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iye ìgbà tí ìgbì kọ̀ọ̀kan ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí à ń pè ní fíríkúẹ́ńsì. Asẹ́ la nílò. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe rédíò to asẹ́ méjì, mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì ń yí gbogbo wọn ní àyípọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ibùdó. Bí ọ̀kan bá yà díẹ̀, ohùn á rẹ̀wẹ̀sì. Bí fíríkúẹ́ńsì bá sì ṣe ń ga sí i ni ojú asẹ́ ń fẹ̀ sí i, títí ibùdó mẹ́ta á fi jọ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lọ́jà.

Inú ogun ni ojútùú ti wá. Ní 1917, Lucien Lévy fi ìwé sílẹ̀ ní Faransé láti gba ẹ̀tọ́ lórí èrò kan. Ní 1918, Edwin Armstrong, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà ní Paris, gbé irú rẹ̀ jáde lọ́nà tó kún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Walter Schottky náà ń rò ó ní Jámánì. Èrò náà ni pé dípò kí á máa gbé asẹ́ lọ bá ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ibùdó máa wá bá asẹ́ kan ṣoṣo níbi tó jókòó sí. Ọdún 1917 yẹn kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Ọdún náà ni Òkèhò, ìlú wa ní Òkè-Ògùn, sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a wà yìí, lẹ́yìn rògbòdìyàn tí wọ́n bá ìjọba amúnisìn jà ní 1916. Ìjọba amúnisìn ló fi ipá lé e wá, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ rédíò bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé ìlú tó kúrò lókè náà ló dé ìsàlẹ̀: ìletò 11 tó para pọ̀ di Òkèhò kó orúkọ, oríkì àti ìjòyè wọn dání. Ibùgbé ló yí padà, àwọn ara ìlú kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni míkísà ṣe ń mú ìgbì sọ̀ kalẹ̀ láti fíríkúẹ́ńsì gíga wá sí ìsàlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti orin tó wà lórí ìgbì náà á sì bá a sọ̀ kalẹ̀ láìyingin. Nínú rédíò AM, 455 kHz ni ibùdó ìsàlẹ̀ yẹn sábà máa ń jẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn asẹ́ gidi jókòó sí, àwọn kọ́ìlì tí orí wọn jẹ́ yẹ́lò, funfun àti dúdú, tí gbogbo oníṣẹ́ rédíò mọ̀ dáadáa, tí ọmọ iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ ki sùkúrúdiráfà bọ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

Orúkọ tí à ń pè é ti ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. A ní míkísà ni, ohun tó ń po nǹkan pọ̀. Ẹni tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ á rò pé bí àdàlù ni. Nínú àwo àdàlù, ẹ̀wà ṣì jẹ́ ẹ̀wà, àgbàdo ṣì jẹ́ àgbàdo, ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá da ìgbì méjì sínú wáyà kan lásán, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò rí: wọn á jọ rìn, wọn ò ní bí nǹkan kan. Ìbaaka ni ká fi iṣẹ́ míkísà wé. Ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló bí i, síbẹ̀ kì í ṣe ẹṣin, kì í ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ní èdè ìṣirò, àròpọ̀ kọ́ ni míkísà ń ṣe, ìsọdipúpọ̀ ni. Bí a bá fi ìgbì kan sọ òmíràn di púpọ̀, ìgbì tuntun méjì ló ń jáde, ọ̀kan ní àròpọ̀ fíríkúẹ́ńsì wọn, èkejì ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Ká ní a yí rédíò sí 656 kHz. Nínú rédíò yẹn kan náà, apá kan tí à ń pè ní ọ́sílétọ̀ ń ṣe ìgbì tirẹ̀ ní 1111. Ọmọ kan á jẹ́ 1767. A ò nílò rẹ̀, asẹ́ á dá a dúró. Èkejì á jẹ́ 455, òun là ń retí. Bí a bá yí ojú rédíò lọ sí 756, ọ́sílétọ̀ á gòkè dé 1211, ọmọ á tún jẹ́ 455. 

Báwo wá ni wáyà àti dáyódì, ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo kọjá, ṣe ń ṣe ìsọdipúpọ̀? Ẹni tó bá ti dúró ti ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn ti rí i, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun rí i. Omú méjì ni ahunṣọ ń fi ẹsẹ̀ darí lórí òfì. Bó bá tẹ ọ̀kan, ìdajì òwú á gòkè, ìdajì á sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kọ̀ á gba àárín wọn kọjá. Bó bá tẹ èkejì, tòkè á di tìsàlẹ̀, tìsàlẹ̀ á di tòkè. Òwú kan náà ni, ìtò rẹ̀ ló ń dojú dé, tó tún ń ṣíjú padà. Míkísà onídáyódì mẹ́rin, èyí tí wọ́n so dáyódì rẹ̀ yípo bí òrùka láàárín kọ́ìlì méjì, ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ́sílétọ̀ ni ẹsẹ̀ ahunṣọ: ó ń ṣí dáyódì méjì, ó ń ti méjì, ó tún ń pààrọ̀ wọn, ìgbà 1,111,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú àpẹẹrẹ tiwa. Ìgbì tó ti áńtẹ́nà wá ń gba ibẹ̀ kọjá, ó ń dojú dé, ó ń ṣíjú. Kí á dojú nǹkan dé ni kí á fi −1 sọ ọ́ di púpọ̀. Kí á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà ni kí á fi 1 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìsọdipúpọ̀ náà nìyẹn, dáyódì kò sì lọ sílé ìwé. Ohun tó wù mí jù nínú ètò yìí ni pé ọ́sílétọ̀ nìkan ló ní àṣẹ lórí ìgbà tí ilẹ̀kùn ń ṣí. Ìgbì tó ń bọ̀ láti ìta kò lè ti ilẹ̀kùn, àfi bó bá lágbára débi pé ó fẹ́ bá ọ́sílétọ̀ dọ́gba. Nínú rédíò olówó pọ́ọ́kú, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tàǹsísítọ̀ kan ṣoṣo ni ọ́sílétọ̀, òun náà ni míkísà, àìgún tó wà nínú ìwà rẹ̀ ló sì fi ń ṣe ìsọdipúpọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé tagbáratagbára lè mi ilẹ̀kùn náà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ àdúgbò ti wọlé. Ẹ padà sí 656 àti 1111 tí mo mẹ́nu bà. Ìgbì tó wà ní 656 fi 455 rẹlẹ̀ ju ọ́sílétọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbì tó bá wà ní 1566 fi 455 ga ju ọ́sílétọ̀ kan náà lọ. Lójú míkísà, ìbejì ni àwọn méjèèjì. Kò mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Ìyàtọ̀ 455 ni ó mọ̀, àwọn méjèèjì ló sì mú un dání. Èyí tí a kò pè yìí ni àwọn ẹlẹ́rọ ń pè ní image. Ìkànnì ìbejì ni èmi yóò máa pè é. Ta ló wà ní 1566? Kì í ṣe àròsọ. Fíríkúẹ́ńsì tí Trans World Radio, ilé iṣẹ́ rédíò àwọn Kristẹni, ń lò láti agbègbè Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin nìyẹn, agbára kílówáàtì 100 ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹyẹ bá fò tààrà, Parakou sí Òkèhò kò tó kìlómítà 200. Bílẹ̀ bá ṣú, tí ìgbì AM ń kọlu òkè òfúrufú tó ń padà bọ̀ sílẹ̀, ọ̀nà jíjìn kì í jẹ́ ìdíwọ́ mọ́. Rédíò tí wọ́n bá ṣe fún ìlú tí ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀ ní 1566 lè má ní àbùkù kankan níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e dé Òkè-Ògùn, ẹni tó yí i sí 656 lè máa gbọ́ ìwàásù tí kò pè.

Ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìkànnì ìbejì kì í ṣe míkísà, ọ̀pá dúdú tí wọ́n wé wáyà mọ́ ni. Òun pẹ̀lú kapásítọ̀ tí a ń yí ni asẹ́ àkọ́kọ́, tó ń ṣiṣẹ́ kí ìgbì tó dé ẹnubodè. Bí ọ̀pá náà bá dára, tí wọ́n sì fi sùúrù tún un ṣe kí ó máa bá ọ́sílétọ̀ rìn ní ìgbésẹ̀ kan náà, ìṣirò fi hàn pé nígbà tó bá dúró sí 656, ó lè dín agbára 1566 kù ní ìlọ́po 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gé ọ̀pá náà kúrú kí rédíò lè wọ àpò, tàbí kí ẹnì kan ti fi ìkánjú yí kapásítọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, asẹ́ á fẹ̀ lójú, oníbodè á sì gba ẹni tó bá dé. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì bá ti di 455, kò sí asẹ́ kankan láyé tó lè yà wọ́n mọ́. Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kọ sára ògiri: àṣìṣe ẹnubodè kò ní àtúnṣe nínú ilé.

Àwọn tó ṣètò FM mọ èyí, iṣẹ́ wọn sì dùn ún wò. Ọ̀nà FM bẹ̀rẹ̀ láti 87.5 MHz dé 108. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20.5. Ìkànnì ìbejì sì máa ń jìnnà sí ojúlówó ní ìlọ́po méjì ibùdó ìsàlẹ̀. Wọ́n mú 10.7 MHz ní ibùdó ìsàlẹ̀, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 21.4, ìyẹn ju fífẹ̀ gbogbo ọ̀nà FM lọ díẹ̀. Nítorí náà ilé iṣẹ́ FM kan kò lè jẹ́ ìbejì ilé iṣẹ́ FM mìíràn láé. Ká ní 8 ni wọ́n mú, ẹni tó yí rédíò sí 89.5 ní Ìbàdàn á máa bá Splash FM tó wà ní 105.5 fà á. Ṣùgbọ́n 10.7 kò lé ìbejì kúrò láyé, ó kàn lé e lọ sí ilé ẹlòmíràn ni. Ẹni tó ń gbọ́ 88, ìbejì rẹ̀ wà ní 109.4, tí àwọn ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ òfúrufú ń lò. Òkè rẹ̀ díẹ̀ ni awakọ̀ òfúrufú ti ń bá àwọn tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀. Rédíò tó wà lẹ́bàá pápákọ̀ òfúrufú nílò asẹ́ àkọ́kọ́ tó lágbára. Tiwa níbí lè fi ìyẹn ṣe yẹpẹrẹ. Àdúgbò náà ló tún ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Àlébù kejì ṣòro jù, nítorí pé míkísà fúnra rẹ̀ ló ń bí i. Ní Ìbàdàn, Oluyole FM wà ní 98.5, Amuludun FM wà ní 99.1. Bí ìgbì méjèèjì bá wọ míkísà tí kò lè fara da agbára wọn, ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ á di 197. Bí a bá yọ 99.1 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 97.9. Ìkànnì tí Beat FM Ìbàdàn ń lò gan-an nìyẹn. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ṣẹ̀. Inú rédíò olùgbọ́ ni iwin yìí ti wáyé, ó sì jókòó sórí 97.9 bí onílé, ohùn Amuludun àti ti Oluyole á ló mọ́ra wọn lábẹ́ orin ẹlòmíràn. Ìwà iwin yìí tún burú: bí agbára ìgbì méjèèjì tó bí i bá fi ìlọ́po 10 pọ̀ sí i, agbára tirẹ̀ á fi ìlọ́po 1000 pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni bí a bá dín tiwọn kù sí ìdajì, tirẹ̀ á já sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn tó gbà pé rédíò tó bá pariwo jù ló dára jù jiyàn.

Wọ́n á ní: ṣé o ti gbàgbé ibi tí a wà ni? Òkèhò jìnnà sí Ìbàdàn, àárín òkè àti igbó ọ̀dàn ni, ohùn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kò lágbára. Bí a kò bá fi ẹ̀rọ agbóhùnga síwájú míkísà, kí la ó gbọ́? Àtakò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì ní fi ọwọ́ kan tì í. Nínú FM, òótọ́ ni. Ariwo tó wà lójú ọ̀run ní fíríkúẹ́ńsì yẹn kéré, ariwo inú rédíò fúnra rẹ̀ ló ń bo ohùn tó jìnnà mọ́lẹ̀, nítorí náà agbóhùnga kan tí ariwo tirẹ̀ kéré síwájú míkísà tọ́. Nínú AM, kò rí bẹ́ẹ̀. Mànàmáná tó ń kọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sí wa, wáyà iná, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, gbogbo rẹ̀ ti ń pariwo lórí áńtẹ́nà ju ariwo inú rédíò lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fi agbóhùnga síwájú míkísà AM, ariwo àti ọ̀rọ̀ ló jọ ń gbé ga. Kò jèrè nǹkan kan, ó sì ti kó míkísà rẹ̀ sínú ìlọ́po 1000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún wò ó: ní Òkè-Ògùn a kò gbé nínú afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ mọ́. Oke-Ogun FM ti BCOS, ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà láàárín wa. Ilé tó bá sún mọ́ òpó rẹ̀, tó tún ń wá ohùn Ìbàdàn tó rẹ̀wẹ̀sì, ló nílò míkísà tó lè fara dà jù, ju ilé tó wà ní Dùgbẹ̀ láàárín Ìbàdàn lọ pàápàá. Alágbára kan nítòsí àti aláìlera púpọ̀ lókèèrè: àwòrán afẹ́fẹ́ wa nìyẹn, kò sì jọ ti Tokyo tàbí Shenzhen.

Bí míkísà onídáyódì bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kì í sí nínú rédíò ọjà? Owó àti bátìrì ni. Irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ nǹkan bíi mílíwáàtì 5 lọ́wọ́ ọ́sílétọ̀ kí dáyódì tó lè ṣí dáadáa, ọ́sílétọ̀ tó máa fún un ní 5 á sì jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú bátìrì. Rédíò kékeré tó ń lo bátìrì méjì lè máà jẹ ju mílíwáàtì bí 50 lọ ní gbogbo ara nígbà tí ohùn rẹ̀ bá wà nílẹ̀. Ẹ fojú wo ìpín tí oníbodè nìkan fẹ́ gbà. Ó tún ń san owó orí: nínú agbára mẹ́rin tó wọlé, nǹkan bí ẹyọ kan péré ló ń jáde ní 455, ìyókù ń bá ọmọ kejì àti ooru lọ. Ọmọ kejì yẹn, 1767 inú àpẹẹrẹ wa, kò tún gbọ́dọ̀ bá ògiri pàdé. Bí asẹ́ tó tẹ̀ lé míkísà bá kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, á padà wọ inú dáyódì, á bí ọmọ-ọmọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fún un ní ọ̀nà àbáyọ, kọ́ìlì kan, kapásítọ̀ kan àti rẹsítọ̀ 50 ohm tí yóò gbé e mì. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìwé àwòrán tí wọ́n ti yọ nǹkan mẹ́ta yìí kúrò torí pé rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀ láìsí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò sọ̀rọ̀.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ yìí ti di ti àtijọ́, áísì, ẹ̀yà kékeré tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ tàǹsísítọ̀ jọ sínú rẹ̀, ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Apá kan rẹ̀ jóòótọ́. Ẹlẹ́rọ kan, Barrie Gilbert, ti fi tàǹsísítọ̀ mẹ́fà ṣe irú òfì tí mo júwe, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1968. Irú rẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ áísì rédíò lónìí. Nínú áísì tuntun, wọ́n tilẹ̀ ti rí ọgbọ́n tí a fi ń mọ ìbejì. Míkísà méjì ni wọ́n ń lò, ọ́sílétọ̀ èkejì á fi ìdá mẹ́rin ìyípo tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Ìgbì tó wà lókè ọ́sílétọ̀ á ṣáájú nínú ọ̀kan, èyí tó wà nísàlẹ̀ á kẹ́yìn nínú ọ̀kan náà. Bí wọ́n bá tún fi ìdá mẹ́rin ìyípo dá ọ̀kan dúró kí wọ́n tó ro àwọn méjèèjì pọ̀, Kẹ́hìndé á pa ara rẹ̀ rẹ́, Táíwò á di ìlọ́po méjì. Iṣẹ́ àràmàǹdà ni, mo sì bọlá fún un. Ṣùgbọ́n pípa rẹ́ yìí kì í pé, nítorí méjèèjì kì í dọ́gba tán, bẹ́ẹ̀ ni kò ràn wá lọ́wọ́ rárá lórí iwin 97.9. Áísì kò sì lè yan asẹ́ àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù ló ń yan án, ẹni yẹn ló sì sábà máa ń yọ kọ́ìlì kan kúrò kí rédíò lè dínwó ní náírà díẹ̀.

Èyí tó le jù nínú àtakò ni pé míkísà fúnra rẹ̀ ń kú lọ: ẹ so áńtẹ́nà mọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ìgbì di nọ́ńbà, kí kọ̀ǹpútà ṣe ìyókù. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe. Ó ń yọjú wo ìgbì nígbà kan, ó ń di ojú, ó tún ń yọjú, ní ìwọ̀n ìgbà tí a là sílẹ̀. Yíyọjú àti dídi ojú yẹn, kí ni bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ ahunṣọ? Bí ó bá ń yọjú ní ìgbà mílíọ̀nù 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì 656 kHz àti ìgbì 1344 kHz á fi nọ́ńbà kan náà sílẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì para pọ̀ jẹ́ 2000. Ìbejì ti yọ, ó kàn pààrọ̀ àdírẹ́sì ni. Asẹ́ àkọ́kọ́ ṣì gbọ́dọ̀ wà, ẹ̀rọ nọ́ńbà náà sì ní òkè agbára tí kò lè kọjá, tí iwin ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní ti àwọn tó ní fóònù ti pa rédíò, inú fóònù wọn kún fún míkísà. Bí kò bá sí i, wọn ò ní gbọ́ ẹni tó pè wọ́n.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò ju pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìta wá sínú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Oke-Ogun Polytechnic ní Ṣakí tàbí ọmọ iṣẹ́ tó wà ní Òkèhò tó yan dáyódì tàbí áísì, kí ó kọ́kọ́ kọ afẹ́fẹ́ ìlú rẹ̀ sílẹ̀: ibùdó wo ló wà ní nọ́ńbà wo, agbára rẹ̀ ní ọ̀sán àti lóru, ìbejì rẹ̀ dà, àwọn alágbára méjì wo ni ìyọkúrò wọn yóò ṣubú sórí ta. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó fún un, owó rẹ̀ kò sì tó ti bátìrì. Lẹ́yìn èyí, àyẹ̀wò kan wà tí kò nílò irinṣẹ́. Nígbà tí ohùn àjèjì bá dà mọ́ ibùdó FM tí à ń gbọ́, kí á ti ọ̀pá áńtẹ́nà wọlé, kí ó ku ìdajì. Bí ohùn méjèèjì bá jọ rẹlẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, inú afẹ́fẹ́ ni àjèjì yẹn ti wá lóòótọ́, kí á lọ wo asẹ́. Ṣùgbọ́n bí àjèjì bá pòórá, tí onílé kàn rẹlẹ̀ díẹ̀, inú míkísà ni wọ́n ti bí i. Kí á fi ọ̀pá áńtẹ́nà sílẹ̀ ní kúkúrú bẹ́ẹ̀, kí á sì gbé áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó òjé sílẹ̀.